Ẹ Ṣírò Ámpíà Kí Ẹ Tó Ki Nǹkan Bọ Sọ́kẹ́ẹ̀tì

  

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo gbé wá lónìí fún ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Libreville, ní Gabon. Ìgbà tí wọ́n máa mú un wá àti ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ kò sí lọ́wọ́ wa, mi ò ní fi àkókò yìí sọ ìyẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kí n sọ. Bí iná bá ti wọlé wa, kí la lè ṣe tí kò fi ní jó wa, tí kò sì ní jẹ owó wa ní ìjẹkújẹ?

Ẹ mú bírò àti ìwé. Bí ìwé kò bá sí nítòsí, ẹ pe ọmọ kan tó ń lọ sílé ìwé kó wá jókòó tì yín. Ìṣirò tí a máa ṣe kò ju pípín àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná nìkan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná a máa ṣe tirẹ̀, a gba owó rẹ̀, a sì lọ sílé. Ẹ̀yin lẹ máa sùn sínú ilé náà lóru. Nítorí náà, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó mọ ìṣirò yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara áyọ́ọ̀nù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀. Ẹ óò rí àkọlé kékeré kan, ó lè jẹ́ bébà fàdákà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ike náà. Lára rẹ̀ ni ẹ óò ti rí 220 tàbí 240 pẹ̀lú lẹ́tà V, 50 pẹ̀lú Hz, àti 1000 tàbí 1200 pẹ̀lú lẹ́tà W. V dúró fún fóólìtì, W dúró fún wáàtì. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì yìí, ẹ ti rí gbogbo ohun tí ẹ nílò.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ iná tí a óò máa dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni fóólìtì, agbára tó ń ti iná lọ. Èkejì ni ámpíà, bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta ni ìdènà, bí nǹkan tí iná ń gbà kọjá ṣe ń dí i lọ́wọ́ tó. Óòmù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹrin ni wáàtì, bí iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kíákíá tó, yálà iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ ooru, ìmọ́lẹ̀, tàbí yíyí fáànù.

Ẹ rántí bí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àwọn ìsọ̀ ní ọjà Mont-Bouët ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Èrò ń ti ara wọn lẹ́yìn: ìtìkùtì yẹn ni fóólìtì. Iye èèyàn tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan ni ámpíà. Bí ọ̀nà náà ṣe há tó ni ìdènà. Bí ìtìkùtì bá le sí i, èèyàn tó ń kọjá á pọ̀ sí i. Bí ọ̀nà bá há sí i, èèyàn tó ń kọjá á dín kù. Òfin náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀rọ̀ ìṣirò: bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdènà, ẹ fi ámpíà pín fóólìtì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ wáàtì, ẹ fi ámpíà sọ fóólìtì di púpọ̀. Mo tún un sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fóólìtì tí a fi ámpíà pín, ìdènà ni. Fóólìtì tí a fi ámpíà sọ di púpọ̀, wáàtì ni. Ẹni tó bá mọ méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti mọ méjì tó kù.

Ẹni tó fi òfin ìdènà yìí hàn aráyé ni Georg Simon Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní ìlú Erlangen ní ọdún 1789. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀, iṣẹ́ àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni bàbá náà ń ṣe, àmọ́ ó fi ara rẹ̀ kọ́ ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ni Ohm ní ìlú Cologne nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀. Ó mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí wọ́n nípọn bákan náà, tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ òòfà tó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so rọ̀ wo bí iná tó ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá ṣe lágbára tó. Bátìrì ìgbà náà kò dúró lójú kan, fóólìtì rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ní 1826, ó pa bátìrì tì. Ó so irin oríṣi méjì pọ̀, ó fi ojú kan sínú omi tó ń hó, ó fi ojú kejì sínú yìnyín, èyí sì fún un ní iná tí kì í yẹsẹ̀. Nígbà náà ni òfin náà hàn kedere. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí nígbà náà. Ní 1841 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ní 1881, nígbà tí àwọn onímọ̀ iná láti ilẹ̀ púpọ̀ pé jọ sí Paris, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdènà, ìyẹn óòmù. Ó ti kú láti 1854.

Ẹ jẹ́ ká wá lo òfin náà. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 ló wà lọ́wọ́ wa, iná Libreville sì jẹ́ fóólìtì 220. Ẹ fi 220 pín 1000, ẹ óò rí bíi 4.55. Ámpíà tí áyọ́ọ̀nù náà ń fà nìyẹn. Ẹ wá fi 4.55 pín 220, ẹ óò rí bíi 48. Óòmù 48 ni ìdènà wáyà tó ń gbóná nínú áyọ́ọ̀nù náà.

Kí ni èyí wúlò fún? Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé kẹ́tùlù iná wá láti Èkó, tí wọ́n kọ fóólìtì 240 àti wáàtì 2000 sí lára. Ní fóólìtì 240, ámpíà rẹ̀ jẹ́ 8.3, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí óòmù 29. Ìdènà yẹn bá a wá sí Gabon, kò ní yí padà. Ní ibí yìí, fóólìtì 220 ló máa bá pàdé. Ẹ fi 29 pín 220, ó jẹ́ bíi ámpíà 7.6. Ẹ fi 7.6 sọ 220 di púpọ̀, wáàtì náà kò pé 1700. Kẹ́tùlù kò bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Omi á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó hó.

Ẹ wá wo èyí tí ẹ̀gbọ́n wa gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Fóólìtì 120 ni wọ́n kọ sí i, wáàtì 1200. Ámpíà rẹ̀ lọ́hùn-ún jẹ́ 10, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 12. Bí a bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Libreville láìsí tiransifọ́mà, 220 tí a fi 12 pín, ámpíà rẹ̀ lé ní 18. Ẹ fi 18 sọ 220 di púpọ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ pé wáàtì 4000. Kẹ́tùlù tí wọ́n ṣe fún 1200 ló fẹ́ gba 4000 yìí. Fóólìtì kò pé ìlọ́po méjì, àmọ́ wáàtì ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó fà á ni pé bí fóólìtì bá gòkè, ámpíà náà á gòkè pẹ̀lú rẹ̀, a ó sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹrù Amẹ́ríkà tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ẹ ka ara rẹ̀.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti ń jó. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Áyọ́ọ̀nù kì í sinmi níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri, funfun ni wọ́n rà á, ṣùgbọ́n ó ti ní àwọ̀ bíi tíì yípo ihò ọ̀tún. Bí a bá sún mọ́ ọn, a máa gbọ́ òórùn ike tó gbóná. Bí a bá fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò ṣe é dì mú pẹ́. Télọ̀ á ní, “Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà.”

Oníṣẹ́ iná gbé mítà rẹ̀ dé. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù kò ṣiṣẹ́, mítà ka fóólìtì 214 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí wọ́n tan áyọ́ọ̀nù, ó já sí 198. Mítà kejì, èyí tó ń gbá wáyà mọ́ra láti òde, ka ámpíà 4.1. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 214 sí 198, fóólìtì 16 ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ fi 4.1 pín 16, ẹ óò rí bíi óòmù 3.9. Ẹ wá fi 4.1 sọ 16 di púpọ̀, ẹ óò rí nǹkan bí wáàtì 65. Wáàtì 65 yìí kò dé inú áyọ́ọ̀nù rárá, ooru ló dà kó tó dé ibẹ̀.

Níbo ni ooru náà wà? Wáyà bàbà mílímítà onígun mẹ́rin 1.5, tí wọ́n fà ní mítà mẹ́wàá láti ibi mítà iná, lílọ àti bíbọ̀, ìdènà rẹ̀ kò pé ìdámẹ́rin óòmù kan. Kò lè jẹ́ òun ni. Súkúrúù kékeré kan ló tú díẹ̀ lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Orí wáyà kàn ń fara kan irin ni, kò dì mọ́ ọn. Ibi tí kò fẹ̀ ju orí ìṣó lọ ni wáàtì tó lé ní 60 ti ń gbóná, lójoojúmọ́, nínú ògiri, nítòsí aṣọ. Ooru yẹn ń jó bàbà di dúdú, dúdú yẹn ń mú ìdènà pọ̀ sí i, ìdènà tó pọ̀ sí i ń bí ooru sí i. Lọ́jọ́ kan, ike á gbiná. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti yí àwọ̀ padà, tó sì ń lò ó lọ, orí òrùlé gan-an ni iná náà wà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Kí oníṣẹ́ iná pa iná láti orísun, kó gé orí wáyà tó ti jó kúrò, kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, kó sì di súkúrúù rẹ̀ le dáadáa. Kí ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà lójú yín. Bí fóólìtì kò bá já ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà pé.

James Prescott Joule, ọmọ onílé iṣẹ́ ọtí bíà kan ní Salford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọn ooru inú wáyà nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún 22. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1841. Ó rí i pé bí a bá fi ámpíà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì tún fi ìdènà sọ ọ́ di púpọ̀, bí ooru ṣe ń jáde tó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí: bí ámpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ámpíà bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Wáyà tó gbé áyọ́ọ̀nù kan láìjanpata, bí a bá tún fi kẹ́tùlù ńlá kún un, ìyà tó máa jẹ ẹ́ ti kọjá bí a ṣe rò.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹkitẹ́ńṣàn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní rallonge, fi ká mi lára. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ámpíà 10 sí i, ẹ fi sọ 220 di púpọ̀: wáàtì 2200 ni òpin rẹ̀. Kẹ́tùlù 2000 àti áyọ́ọ̀nù 1000 lórí rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 3000. Ó ní ihò mẹ́rin tàbí ihò mẹ́fà, ṣùgbọ́n iye ihò kọ́ ni iye agbára. Èyí tó jẹ́ pé wọ́n ká wáyà rẹ̀ yí àgbá, ẹ óò rí wáàtì méjì tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: ọ̀kan fún ìgbà tí wáyà bá wà ní kíká, èkejì fún ìgbà tí ẹ bá tú u tán. Ti kíká kéré gan-an, torí wáyà tó wà lórí ara wọn kò rí ibi tú ooru rẹ̀ sí. Ẹ tú u tán kí ẹ tó lo ohun tó wúwo.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà, ẹ tún gbọ́ èyí. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tí a mọ̀ nílé ní fíúsì nínú, tó sábà máa ń jẹ́ ámpíà 13 fún ohun tó wúwo. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fíúsì náà á já. Púlọ́ọ̀gì onírin róbótó méjì tí wọ́n ń lò ní Gabon kò ní fíúsì kankan nínú. Gbogbo ààbò wà nínú àpótí ara ògiri, lọ́wọ́ disjoncteur, ẹ̀rọ tó ń já iná bí ámpíà bá pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ 15 sí disjoncteur yín, 15 tí a fi sọ 220 di púpọ̀ jẹ́ wáàtì 3300. Ẹ ka ohun tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan náà: kẹ́tùlù 2000, áyọ́ọ̀nù 1000, fírísà 200, fáànù 60. Ó jẹ́ 3260. Ẹ ti dé etí bèbè. Nígbà tí fírísà bá gbéra, ó máa ń fa ámpíà tó pọ̀ ju tìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń já gbogbo rẹ̀. Disjoncteur tó já kò ṣẹ̀ yín, ààbò yín ló ṣe. Ẹni tó bá fi wáyà bàbà lásán rọ́pò fíúsì, tàbí tó yọ disjoncteur 15 tó fi 30 síbẹ̀ láìpààrọ̀ wáyà inú ògiri, ẹni náà ti lé ọlọ́dẹ lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ìṣirò yìí kan náà ló wà nídìí àwọn òpó gíga tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà. Apá kan nínú iná Libreville ń ti orí odò Mbei wá, ní àwọn ìdídò Kinguélé àti Tchimbélé, nínú àwọn òkè Monts de Cristal. Ọ̀nà yẹn jìn. Ká sọ pé a fẹ́ gbé wáàtì 10,000 kọjá nínú wáyà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 2. Ní fóólìtì 220, ámpíà rẹ̀ á tó 45, ooru tó máa sọnù lójú ọ̀nà á sì lé ní wáàtì 4000. Ní fóólìtì 20,000, ámpíà náà jẹ́ ìdajì ẹyọ kan péré, ohun tó máa sọnù kò sì pé wáàtì kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé fóólìtì ga lójú ọ̀nà, tí tiransifọ́mà á sì wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò wa.

Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, òjò á dáwọ́ dúró, omi odò á fà, ìdídò nìkan kò ní lè tẹ́ ìlú lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi epo àti gáàsì ṣe iná ní Owendo àti Alénakiri á máa ṣe tiwọn, ní 2025 sì ni ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe iná, ti ilé iṣẹ́ Karpowership ilẹ̀ Tọ́kì, dara pọ̀ mọ́ wọn. Síbẹ̀ a mọ délestage, ìyẹn gígé iná ládùúgbò-ládùúgbò, a sì mọ ìgbà tí iná wà ṣùgbọ́n tí gílóòbù kò tàn dáadáa. Ká ní fóólìtì ti já sí 180. Áyọ́ọ̀nù óòmù 48 wa á fa ámpíà 3.7, agbára rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí wáàtì 670. Aṣọ á pẹ́ kó tó dán, ewu kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì, fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù yàtọ̀, nítorí mọ́tò wà nínú wọn. Bí fóólìtì bá lọ sílẹ̀, mọ́tò á máa tiraka, ámpíà tó ń fà á pọ̀ sí i, wáyà inú rẹ̀ á sì gbóná. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹja dídì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí gílóòbù bá ti ń ṣú, ẹ yọ fírísà. Ẹ má ṣí i, ẹja á dì fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí iná bá padà dáadáa, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kì í padà. Ẹ tún mọ̀ pé fún ohun tó ní mọ́tò, bí a bá fi fóólìtì sọ ámpíà di púpọ̀, iye tí a máa rí sábà máa ń ju wáàtì tòótọ́ lọ. Ìṣirò tí a ń ṣe lónìí bá ohun tó ń mú ooru wá mu gẹ́lẹ́: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, sítóòfù iná.

Ara èèyàn náà ní ìdènà. Awọ ara tó gbẹ lè ní ìdènà ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá óòmù. Ṣùgbọ́n ara tó tutù, bí òjò Libreville bá ti pa wá ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, tàbí tí òógùn bò wá, ìdènà rẹ̀ lè já sí nǹkan bí 1000. Ẹ fi 1000 pín 220, ó jẹ́ ámpíà 0.22. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ̀rọ ààbò tí wọ́n ń pè ní disjoncteur différentiel, èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn, ámpíà 0.03 ni wọ́n ṣe é pé kó já, nítorí ohun tó bá ju ìyẹn lọ lè dá ọkàn dúró. Ìlọ́po méje rẹ̀ ló lè gba ara ọmọ tó fi ọwọ́ tútù kan wáyà tó bó. Ẹ bi onílé yín bóyá irú ẹ̀rọ yìí wà nínú àpótí iná. Bí kò bá sí, ẹ dá owó jọ, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi síbẹ̀. Kò sí ohun èlò kan nínú ilé tó níyì tó o.

Ẹ lè sọ pé ẹ kò ní mítà oníṣẹ́ iná. Ẹ ní ọ̀kan lára ògiri yín.  Mítà Edan tí a ń san owó sí ṣáájú ká tó lò ó, ìṣirò yìí kan náà ló ń ṣe tọ̀sán tòru. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ iná náà, ẹ óò rí iye kan pẹ̀lú imp/kWh. Ká ní 1000 ni. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ tan áyọ́ọ̀nù nìkan, kí ẹ dúró kó kọ́kọ́ máa gbóná. Ẹ ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 15, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 900. Wáàtì 900 nìyẹn. Ẹ fi 220 pín in, ámpíà 4.1. Ẹ fi 4.1 pín 220, ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí óòmù 54. Ẹ ti wọn áyọ́ọ̀nù láìfọwọ́ kan wáyà kankan.

Láti ibẹ̀, owó rọrùn. Wáàtì 1000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́fà, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ó jẹ́ yúníìtì 54 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED mẹ́fà, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí kan náà, yúníìtì 8 àti díẹ̀. Ẹ wo iye tí yúníìtì kan jẹ́ lára tíkẹ́ẹ̀tì Edan yín, ẹ fi sọ 46 di púpọ̀. Owó tó ń jáde lóṣooṣù láìnídìí nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo fún yín ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé. Ẹ mú ìwé kan. Ẹ lọ káàkiri ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan tó ń lo iná sílẹ̀, pẹ̀lú wáàtì rẹ̀. Ẹ fi 220 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ámpíà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ámpíà tó wà lára disjoncteur sókè ìwé náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí iná. Ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó díẹ̀. Èyí tó bá gbóná tàbí tó ti yí àwọ̀ padà, ẹ má lò ó mọ́ títí oníṣẹ́ iná á fi dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣe ìṣirò náà, torí àwọn ló ń wà nílé nígbà tí a bá wà lọ́jà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó mọ̀ pé ẹkitẹ́ńṣàn ámpíà 10 kò lè gbé wáàtì 3000 lè sọ fún àgbà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ yọ ọ̀kan.” Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀.